Ẹ gbà mí o, báwo lẹ ṣe ń fi orí ṣírò pásẹ́ǹtì láìlo kalikulétọ̀?

ỌmọGbági:
Ẹ káalẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí láti Sátidé. Mò ń bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ta aṣọ ní ọjà Gbági n'Ìbàdàn níbí, ẹ̀gbọ́n mi ò sí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà ni màmá kan bá wọlé, wọ́n ra léèsì wọ́n tún ra àńkárá, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ ₦86,000. Wọ́n wá ní ẹ̀gbọ́n mi máa ń yọ 15% fún wọn tí wọ́n bá ti rajà tó pọ̀, òótọ́ sì ni, ó máa ń yọ ọ́. Fóònù mi ti kú láti àárọ̀, iná ò sí, kalikulétọ̀ tó máa ń wà nínú dúróò, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti gbé e lọ síléèwé. Mo dúró, mò ń wo òkè, mò ń ka ìka, màmá yìí náà ń wò mí, àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wa náà ti ń yọjú. Nígbà tí ojú tì mí tán mo kàn ní "ẹ mú 70,000 wá, mà." Kíá ni wọ́n kówó sílẹ̀, wọn ò ná an mọ́, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti fura.

Ẹ̀gbọ́n mi dé, ó ní 73,100 ló yẹ kí n gbà. 3,100 ti lọ nìyẹn! Kò bú mi o, ó kàn wò mí ṣá, ìwò yẹn burú ju èébú lọ.

Mo ṣe máàsì dé WAEC, C6 ni mo gbà, ohun tí mo sì rántí ni ká kọ 15 lé orí 100, ká wá fi 86,000 sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ká máa gé òdo. Ṣé màá wá máa gé òdo níwájú kọ́sítọ́mà ni? Bẹ́ẹ̀ mo tún ní ìdánwò kan lọ́wọ́, iléeṣẹ́ kan ń gba òṣìṣẹ́, wọ́n ní kò sí kalikulétọ̀, ìbéèrè kan ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀yin tí ìdáhùn máa ń bọ́ lẹ́nu yín wàrà, kí lẹ̀ ń ṣe nínú orí yín gan-an? Mi ò fẹ́ fọ́múlà o, ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe ń ṣe é.

Pawabánkì:
Ra pawabánkì.

ỌmọGbági:
Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run ń wò yín.

TísàÀgbà:
Ẹ má dá a lóhùn. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní máàsì ní sẹ́kọ́ńdìrì fún ọdún tó lé lógún kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tó ń ṣe yín yẹn ló ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn, torí bí wọ́n ṣe kọ́ yín láti máa kọ ọ́ sínú ìwé lẹ fẹ́ ṣe nínú orí, orí kì í sì í ṣe bébà.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè ná. Tí pásítọ̀ bá ní kí ẹ mú ìdámẹ́wàá wá, tí owó tó wọlé fún yín lóṣù náà bá jẹ́ 86,000, ṣé ẹ máa wá kalikulétọ̀? Ẹ ò ní wá a. Ìyá tí ò ka ìwé rárá mọ̀ pé 8,600 ni. Ìdámẹ́wàá yẹn náà ni 10%. Ẹ ti mọ pásẹ́ǹtì láti kékeré, wọn ò kàn sọ fún yín pé òun nìyẹn ni.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni kí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ mú ìdámẹ́wàá sílẹ̀, ẹ dá a sí méjì, 5% nìyẹn. 8,600 sí méjì, 4,300. Ẹ kó méjèèjì pọ̀, 12,900, òun ni 15% màmá yẹn. 86,000 ẹ yọ 12,900, ó ku 73,100. Kò gbà ju kéèyàn mí lẹ́ẹ̀mejì. Tí ẹ bá fẹ́ 20%, ìdámẹ́wàá lọ́nà méjì. 30% lọ́nà mẹ́ta. 1% ni ìdámẹ́wàá tí ẹ tún mú ìdámẹ́wàá ẹ̀, ìyẹn 860. 25% nìkan ni mi ò kì í gba ibẹ̀ yọ sí, èmi máa ń dá owó náà sí méjì kí n tún dá a sí méjì ni.

Nísinsìnyí èyí tí mo fẹ́ràn jù, tí mi ò rí nínú ìwé òyìnbó kankan tí mo fi kọ́ ọmọ. Báwo lẹ ṣe ń pe 19 ní Yorùbá? Mọ́kàndínlógún. Ogún ni, ó dín ọ̀kan. 35 ńkọ́? Márùndínlógójì, ogójì ó dín márùn-ún. 45, márùndínláàádọ́ta. Àwọn baba wa ti bá yín ṣe ìṣirò náà tán, wọ́n fi pamọ́ sínú orúkọ. Bí orúkọ nọ́ńbà bá ṣe ń dún ni kí ẹ ṣe ṣe pásẹ́ǹtì ẹ̀. 19% ti 4,500: ẹ mú ogún pásẹ́ǹtì, 900, ẹ yọ ọ̀kan pásẹ́ǹtì, 45, ó ku 855. 35% ti 6,000: ogójì pásẹ́ǹtì jẹ́ 2,400, ẹ yọ márùn-ún pásẹ́ǹtì, 300, ó di 2,100. Tí nọ́ńbà bá jẹ́ èyí tí à ń fi kún, bíi méjìlá, mẹ́rìnlá, mẹ́tàlélógún, ẹ fi kún un. Tí orúkọ bá ní "dín" nínú, ẹ dín in. Ọmọ tó bá ń ka ení èjì dáadáa nílé kò yẹ kí ẹ̀rù pásẹ́ǹtì máa bà á, àmọ́ ta ló tún ń kọ́ ọmọ ní mọ́kàndínlógún mọ́, "náíntíìn" ni gbogbo wọn ń pariwo.

ỌmọGbági:
Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀, ọ̀rọ̀ ìdámẹ́wàá yẹn là mí lójú. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú kan wò níwájú yín. 17% ti 9,000. Mẹ́tàdínlógún. Ogún pásẹ́ǹtì jẹ́ 1,800, mo yọ mẹ́ta, 1,797. Ṣé ó jẹ́ bẹ́ẹ̀?

TísàÀgbà:
Rárá o, ẹ ti fẹ́ dé ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣìnà. Mẹ́ta *pásẹ́ǹtì* lẹ máa yọ, kì í ṣe náírà mẹ́ta. 1% ti 9,000 jẹ́ 90, mẹ́ta ẹ̀ jẹ́ 270. 1,800 yọ 270, 1,530. Ẹ bi ara yín pé, 1,797 àti 1,800, ṣé ó ṣeé ṣe kí 17 àti 20 sún mọ́ra tó báyẹn?

Akáwọ́ńtì_Ìlọrin:
Salaam o ẹ̀yin tèmi. Tísà ti mú ìdámẹ́wàá wá, ẹ jẹ́ kí àwa mùsùlùmí náà gbé tiwa kalẹ̀ 😂. Sàká orí owó, 2.5% ni, ìdá kan nínú ogójì. Ọ̀nà tí bàbá mi ń gbà ṣe é, wọn ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ 2.5% rárá o, wọ́n á mú ìdá mẹ́wàá owó náà, wọ́n á dá a sí méjì, wọ́n á tún dá a sí méjì, ó parí.

Ibi tó ti wúlò fún mi lẹ́nu iṣẹ́ ni VAT, owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ọjà. Láti oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n ti gbé e láti 5% lọ sí 7.5%, nígbà tó wà ní 5% kò sẹ́ni tó ń ronú, àmọ́ 7.5 yẹn dá àwọn èèyàn lágara ní ọ́fíìsì wa. Ẹ wò ó báyìí: ìdámẹ́wàá kó yọ sàká kúrò, 7.5 ni yóò kù! Ọjà 64,000: ìdámẹ́wàá 6,400, ẹ dá a sí méjì 3,200, ẹ tún dá a sí méjì 1,600, ẹ wá yọ 1,600 kúrò nínú 6,400, VAT yín jẹ́ 4,800. Kírísítẹ́nì àti mùsùlùmí ti parí ẹ̀ fún ìjọba.

Ẹ ṣọ́ra síbì kan ṣá. Tí wọ́n bá fún yín ní rìsíìtì tí VAT ti wà nínú ẹ̀, bíi 68,800, tí wọ́n ní èló ni VAT inú ẹ̀, ẹ má mú 7.5% ti 68,800 o, ó máa fún yín ní 5,160, ó sì ti pọ̀ jù. Torí pé orí 64,000 ni wọ́n ti mú un, kì í ṣe orí 68,800. 7.5% túmọ̀ sí ìdá mẹ́ta nínú ogójì, bí ọjà bá jẹ́ ìdá ogójì, VAT á jẹ́ ìdá mẹ́ta, àpapọ̀ mẹ́tàlélógójì. Ẹ pín 68,800 sí ọ̀nà 43, ọ̀kan jẹ́ 1,600, mẹ́ta ẹ̀ jẹ́ 4,800. Èyí kì í ṣe ti orí, mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ mú kalikulétọ̀ síbẹ̀. Àmọ́ ọ̀gá mi kan rèé, tó ń jẹ́ ọ̀gá o, ó ti fi ọ̀nà tó pọ̀ jù yẹn ṣírò fún oṣù bíi mẹ́ta kẹ́nì kan tó rí i.

Sùúrù_ni:
ỌmọGbági tí ìdánwò yẹn bá jẹ́ irú èyí tí mo ṣe, ẹ mọ èyí dáadáa: ẹ lè yí i padà! 4% ti 75 àti 75% ti 4, ohun kan náà ni wọ́n. Ìkejì rọrùn, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, 3 nìyẹn. 16% ti 25, ẹ yí i sí 25% ti 16, ó jẹ́ 4. 18% ti 50, ìdajì 18. Kódà pẹ̀lú owó ńlá, 48% ti 25,000, ẹ gbé òdo mẹ́ta yẹn fún ìkejì, ó di 25% ti 48,000, ìyẹn 12,000. Ìdí ni pé ẹ ń sọ nọ́ńbà méjì di púpọ̀ lẹ wá ń pín in sí ọgọ́rùn-ún, èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ pè kò yí i padà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ mo rò pé irọ́ ni, mo lọ tẹ̀ ẹ́ nínú kalikulétọ̀ bí ìgbà ogún.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, tí wọ́n bá bi yín pé "17 nínú 20 jẹ́ pásẹ́ǹtì mélòó", ẹ kàn wá ọ̀nà tí ìsàlẹ̀ á fi di 100. 20 lọ́nà márùn-ún ni 100, nítorí náà 17 lọ́nà márùn-ún, 85%. 13 nínú 25, lọ́nà mẹ́rin, 52%. Tí ìsàlẹ̀ bá le, ẹ gé e kù ná, 36 nínú 45, ẹ fi mẹ́sàn-án pín méjèèjì, ó di 4 nínú 5, 80%.

Ẹ̀ẹ̀kẹta tó gbà mí gan-an lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n máa gbé ìdáhùn mẹ́rin sílẹ̀ kẹ́ ẹ mú ọ̀kan, ẹ má fi àkókò ṣòfò láti rí kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn. 15% ti 38,950? Ẹ pè é ní 39,000, 3,900 àti 1,950, 5,850. Ìdáhùn á dín díẹ̀ sí i. Tí ẹ bá rí 5,842.50 níbẹ̀ ẹ mú un kẹ́ ẹ sáré lọ.

Ìyá_Aláàńkárá:
Ẹ̀yin ọmọ yìí ẹ̀ ń da ara yín láàmú jàre. Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń tajà, èmi kì í ṣe wàhálà kankan, mo máa ń kó pásẹ́ǹtì pọ̀ ni. Tí mo bá ti yọ 30% lórí ọjà, tí kọ́sítọ́mà tún ní kí n yọ 20% sí i, mo mọ̀ pé mo ti gbé e fún un ní ìdajì owó nìyẹn, màá sì lé e. Tí mo bá fi 20% lé ọjà kí ọdún tó dé, lẹ́yìn ọdún tí mo bá fẹ́ ṣe gbàǹjo mo máa yọ 20% yẹn, ó ti padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀. Kò sí fọ́múlà níbẹ̀.

TísàÀgbà:
Ẹ kú ọjà o Ìyá Aláàńkárá. Ẹ máà bínú, àmọ́ owó ti ń jò lọ́wọ́ yín.

Ẹ jẹ́ ká mú ọjà 100 náírà. Ẹ yọ 30%, ó ku 70. 20% tí ẹ máa yọ tẹ̀lé e, orí 70 lẹ ti máa yọ ọ́, kì í ṣe orí 100 mọ́. 20% ti 70 jẹ́ 14, ó ku 56. 44% lẹ yọ, kì í ṣe 50. Ọ̀nà orí rèé: ẹ kó méjèèjì pọ̀, 50, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, 30 lọ́nà 20 jẹ́ 600, ẹ gé òdo méjì, 6, ẹ yọ ọ́ nínú 50. 44. Ìyẹn sàn fún yín, ẹ ti ń lé kọ́sítọ́mà tí ò bèèrè ohun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni kò sàn. Ẹ sọ fún mi, ọjà wo lẹ fi 20% lé nígbà Iléyá?

Ìyá_Aláàńkárá:
Àńkárá kan tó jẹ́ 15,000. Mo gbé e sí 18,000. Lẹ́yìn ọdún mo yọ 20%.

TísàÀgbà:
20% ti 18,000 jẹ́ 3,600. 18,000 yọ 3,600 jẹ́ 14,400. Ṣé 15,000 rèé?

Ìyá_Aláàńkárá:
Háà.

Ẹ dúró ná.

600 náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá, mo ta bíi ogójì.

Pawabánkì:
24,000 🙆🏾‍♂️ màmá ẹ ra pawabánkì

TísàÀgbà:
Pawabánkì ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Màmá, ẹ má sunkún, ẹ fi ìdá rò ó dípò pásẹ́ǹtì, kò ní ṣì yín lọ́nà mọ́. Tí ẹ bá fi ìdá kan nínú mẹ́rin lé e, ìdá kan nínú márùn-ún lẹ máa yọ kó tó padà síbi tó wà. Tí ẹ bá fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e bí ẹ ṣe ṣe yìí, ìdá kan nínú mẹ́fà lẹ máa yọ: 18,000 sí ọ̀nà mẹ́fà, 3,000, ó padà sí 15,000. Ìdá kan nínú mẹ́ta lé e, ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò. Ohun tí ẹ bá fi lé e, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e lẹ máa fi yọ ọ́.

ỌmọGbági ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ èyí, torí ẹ ń yọ 15% fún àwọn èèyàn. Ọjà tí ẹ rà ní 12,000 tí ẹ ń tà ní 15,000, èrè yín jẹ́ 25% tí ẹ bá wò ó láti orí owó tí ẹ fi rà á, àmọ́ 20% ni tí ẹ bá wò ó láti orí iye tí ẹ ń tà á. Iye tí ẹ ń tà á ni ẹ̀dínwó ń gé. Tí ẹ bá yọ 15%, 2,250 lọ, 750 ló kù fún yín nínú 3,000 yẹn, owó ọkọ̀ àti owó ṣọ́ọ̀bù sì ń dúró dè é. Ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín pé èló ló fi lé ọjà kó tó máa yọ 15.

ỌmọGbági:
Mo ti bi í. Ó ní kí n má wàhálà, òun ti fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé e kóun tó gbé e sílẹ̀, pé ta ló sọ fún mi pé òun ń yọ nǹkan kan 😩

Akáwọ́ńtì_Ìlọrin:
Ẹ̀gbọ́n yín ló yẹ kó wá máa kọ́ wa níbí.

Ẹlẹ́nu_ọ̀nà:
Ẹ fi tèmi kún un. Èyí tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni owó alájọ. Gbogbo wa mọ̀ pé alájọ ń mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù, kò sẹ́ni tó ń bèèrè pásẹ́ǹtì ẹ̀. Ọjọ́ kan nínú ọgbọ̀n, 100 pín sí ọgbọ̀n, 3% àti díẹ̀ ni. Kò burú, ẹni yẹn ń rìn nínú oòrùn wá bá yín ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó ń yá yín lówó orí fóònù tí wọ́n ní "5% péré lóṣù" ni kẹ́ ẹ máa sá fún, 5 lọ́nà méjìlá, 60% lọ́dún, ìyẹn gan-an tí wọn ò bá tíì gbé èlé gun orí èlé. Mo ti yá a rí, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀.

ỌmọGbági:
Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn fún yín. Mo ti ń ṣe é láti ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo nǹkan tí mo bá rí ni mò ń mú ìdámẹ́wàá ẹ̀, owó mọ́tò, owó búrẹ́dì, ẹ̀gbọ́n mi ní ṣé ara mi yá. Ìdánwò di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀nà "yí i padà" yẹn ni mo fẹ́ràn jù, ti "dín" yẹn ló tẹ̀ lé e, àmọ́ tí nọ́ńbà bá ti ní póìǹtì nínú orí mi ṣì máa ń dàrú.

Ẹ wá gbọ́ o. Màmá 70,000 yẹn tún wá lánàá! Wọ́n ra ti 42,000, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní ṣé màá yọ 15 mi. Mi ò tiẹ̀ wo òkè. 4,200, 2,100, 6,300. Mo ní "35,700 ni, mà." Wọ́n wò mí, wọ́n ní ọjọ́sí kọ́ lo ṣe báyìí. Wọ́n ní kí n gba 35,000. Mo ní 35,700. Wọ́n ní nítorí 700 náírà ni mo ṣe fẹ́ bá ìyá mi jà, pé àwọn bímọ tó jù mí lọ. A fà á títí, wọ́n san 35,500.

Pawabánkì:
Ìyẹn ni pé o tún fi 200 ṣòfò. Pásẹ́ǹtì mélòó nìyẹn nínú 42,000, má lo fóònù o.

ỌmọGbági:
1% jẹ́ 420. Ìdajì ẹ̀ jẹ́ 210. Kò tó ààbọ̀ pásẹ́ǹtì kan, ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n rímú mí.